Àròjinlẹ̀ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá àti Ìdáhùn Wa

Àwa kan máa ń jókòó nírọ̀lẹ́, a máa ń ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìtàn-àròsọ tí D. O. Fágúnwà kọ, sókè, lẹ́yìn náà a ó máa jiyàn lórí ìbéèrè àròjinlẹ̀ (fìlọ́sọ́fì) tó bá jáde níbẹ̀. Àwọn tó gbọ́ sí i ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìbéèrè, ìbéèrè ọ̀hún sì máa ń jọra. Ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ síbí. Èrò tèmi ló pọ̀ jù nínú ìdáhùn wọ̀nyí. Àwọn tí a jọ ń ka ìwé náà ò gbà pẹ̀lú mi lórí bíi ìdajì rẹ̀, wọ́n sì ti ní kí n kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Ìwé pọ̀ lọ súà, kí ló dé tó jẹ́ ti Fágúnwà lẹ mú?

Nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ti kà á nílé ìwé, a sì ti gbàgbé ohun tí a kà. Ẹ bi ẹni tó ti lé lógójì ọdún pé kí ló rántí. Àgbákò, ẹbọra tó ń jà nínú igbó, ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, bóyá Kàkó akọni á tẹ̀ lé e, ó tán. Ìjà ló kù sí wa lọ́kàn, ìdí ìjà ti fò lọ.

Ní 1938 ni ìwé náà jáde. D. O. Fágúnwà, ọmọ bíbí Òkè-Igbó, ló kọ ọ́ nígbà tó ń ṣe olùkọ́ ní Ọ̀yọ́. Kì í ṣe òun ni ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ lédè wa o. I. B. Thomas ti ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929. Ṣùgbọ́n ìgboro Èkó ni Sẹ̀gilọlá ti jẹ ayé tirẹ̀. Fágúnwà ní tiẹ̀ mú wa wọ igbó lọ, ó kó ọdẹ, iwin, oògùn àti ìwàásù sínú àpò kan ṣoṣo. Inú àpò yẹn la ti ń mú ìbéèrè jáde.

Mi ò kà á rí. Ẹ sọ ọ́ fún mi ní ṣókí.

Ọkùnrin kan jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá arúgbó kan yọ sí i, ó ní kó mú ìwé àti gègé, kó kọ ìtàn òun sílẹ̀ kí òun tó kú. Àkàrà-oògùn lorúkọ bàbá yìí. Ọdẹ ni, ọmọ ọdẹ sì ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rìnrìn àjò. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ Igbó Irúnmalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọba ló rán an pé kó lọ sí Òkè Lángbòdó, kó lọ bá ìlú wá ohun tí yóò fún un ní àlàáfíà. Àkàrà-oògùn ò dá lọ. Ó kó àwọn akọni jọ: Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ olórin, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ, Èfòìyẹ́ tafàtafà, àti Àrámàdà-òkùnrin. Wọ́n bá oríṣiríṣi ẹ̀dá jà lọ́nà, wọ́n dé Lángbòdó, wọ́n sì jókòó fún ọjọ́ 7 lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Ìrágbèje, ó ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó lọ ló padà wálé. Nígbà tí bàbá sọ ìtàn náà tán, ó pòórá.

Mo ti fo púpọ̀. Ẹ kà á fúnra yín.

Ṣé kì í ṣe àlọ́ ọmọdé lẹ fẹ́ sọ di fìlọ́sọ́fì ni?

Bí ẹ bá ní kí ẹbí kan jókòó sọ̀rọ̀ àjẹ́ ní pálọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ò ní pé tí ẹnìkan á fi rántí ìyá àgbà ẹnìkan, ojú á yí padà, ọ̀rọ̀ á di ti ogún ilẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ sínú igbó, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìyá Àkàrà-oògùn, tí ìtàn ní àjẹ́ ni, la ń sọ, gbogbo wọn á sọ tinú wọn. Ohun tí ìtàn iwin wúlò fún nìyẹn: a ń bá ara wa wí níbẹ̀ láìdárúkọ aládùúgbò.

Àwọn àgbà wa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń pàlọ́ ìjàpá nítorí ìjàpá?

Ṣé irọ́ ni Àkàrà-oògùn ń pa, tàbí òótọ́? Báwo la ṣe máa mọ̀?

Ìbéèrè yìí la fi máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló sún mọ́ etí ilé jù, àwọn ènìyàn ò sì kà á sí ìbéèrè rárá.

Ẹ wò ó. Ẹni tó kọ ìwé ò dé igbó. Ẹnu bàbá kan ṣoṣo ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá ọ̀hún sọ ọ́ tán, ó sì lọ, kò sẹ́ni tó lè pè é padà kó wá jẹ́rìí. Àwa wá ń ka ohun tí ẹni tó gbọ́ kọ sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láàárín ojú tiwa àti Àgbákò?

Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, àti J. O. Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ ń kọ́ fìlọ́sọ́fì ní Ifẹ̀, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí "mọ̀" jẹ́ àti ohun tí "gbàgbọ́" jẹ́. Ní 1986 ni ìwé wọn jáde. Ohun tí àwọn oníṣègùn sọ fún wọn kò ju ohun tí gbogbo Yorùbá ń sọ lójoojúmọ́ lọ, àfi pé a kì í dúró gbọ́ ara wa. Ohun tí mo fojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, òun ni mo mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi, mo gbà á bí mo ṣe gbọ́ ọ: mo gbà, mo gbọ́. Ibi tí ìyàtọ̀ ti dé ni pé lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè ní ìmọ̀. Lọ́dọ̀ oníṣègùn, ohun tí olùkọ́ sọ àti ohun tí ìwé sọ, ìgbàgbọ́ ni, títí dìgbà tí o bá fojú ara rẹ kàn án.

Lọ́jọ́ tí a ka ibí yìí, ọmọkùnrin kan tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì bínú. Ó ní ṣé ìgbàgbọ́ lásán ni pé ayé ń yí oòrùn po? Bàbá kan dá a lóhùn pé, "Ìwọ ti rí i?" Ọmọ náà ní rárá, ṣùgbọ́n àwọn tó wò ó wà, ẹni tó bá sì fẹ́ lè dán an wò. Bàbá ní, "Ó dáa, lọ dán an wò. Bí o bá dé, wàá ti mọ̀." Èrín pa wá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò pàdánù o, nítorí ohun tí àwọn oníṣègùn sọ nìyẹn: ìgbàgbọ́ tó bá ṣeé dán wò lè di ìmọ̀. Èyí tí kò bá ṣeé dán wò, àfi ká jókòó lé e lórí, ká fẹnu ẹlẹ́rìí kan wé ti òmíràn, ká yẹ ìwà ẹni tó ń sọ ọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìwà Àkàrà-oògùn wò nígbà náà. Ó ń yin ara rẹ̀ púpọ̀. Ìyẹn ò dáa fún ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ó tún ń ròyìn ibi tí ẹ̀rù ti bà á, ibi tí wọ́n ti lù ú, ibi tí ọgbọ́n ti tán nínú rẹ̀. Òpùrọ́ kì í sábà sọ ìgbà tó sá. Ibẹ̀ la máa ń bá a dé, iyàn a sì máa gùn títí wọ́n á fi wá mú àga lọ.

Bí orí bá ti yan ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kí ni ògbójú wà fún?

Ẹ̀yin tí ẹ bi wá léyìí pọ̀ ju ti ìyókù lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń bi ara rẹ̀. Ẹni tí kò rí ọmọ bí ń bi ara rẹ̀.

Nínú igbó, bó ṣe rí nìyí: ọba kan ló rán gbogbo wọn, ọ̀nà kan ni wọ́n gbà, ewu kan náà ni. Àwọn kan padà, àwọn kan ò padà. Ṣé orí ló yàn án bẹ́ẹ̀? Bó bá jẹ́ orí ni, kí ni Àkàrà-oògùn ń di ìbọn, oògùn àti àdúrà mọ́ra fún? Ẹni tí a ti kọ ọ́ mọ́ pé yóò padà, ṣebí bó sùn sílé iwin náà yóò padà.

Ifá ní ẹsẹ kan tó le lórí ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó gbọ́n, orí rẹ̀ ló ní kó gbọ́n, ẹni tí kò gbọ́n, orí rẹ̀ ló ní kó gọ̀ ju iṣu lọ. (Ohun tí iṣu ṣe fún wọn, mi ò mọ̀.) Bí ẹ bá gba ẹsẹ yìí bó ṣe wà, kò sẹ́ni tí a lè yìn, kò sẹ́ni tí a lè bá wí. Olè á ní orí òun ló ní kóun jalè.

Ṣùgbọ́n Ifá kan náà ló ní ìtàn ilé Àjàlá. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú odù Ogbègúndá. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ̀kú ọmọ Ògún, Oríléèmèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n fẹ́ lọ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá amọ̀kòkò. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yára lọ, wọn ò bá Àjàlá nílé, wọ́n gbé èyí tó wù wọ́n lójú. Òjò pa orí náà lọ́nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bọ̀ọ́bọ̀ọ́. Afùwàpẹ́ ní tiẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó fi iyọ̀ han aṣọ́nà bí ọbẹ̀ ṣe ń dùn. Ó bá Àjàlá san gbèsè tó mú un sá pamọ́ sókè àjà. Àjàlá wá fọwọ́ ara rẹ̀ bá a ṣa orí rere.

Ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, orí ni mo máa ń wò. Nínú ìjókòó wa ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé kí Afùwàpẹ́ tó ní orí kankan rárá, ó ti ní ìwà. Ó ti mọ ẹni tó yẹ kó kí, ó ti mọ bí a ṣe ń bá oníbodè sọ̀rọ̀. Níbo ló ti rí ìwà yẹn? Bí ìwà bá ṣáájú orí, orí kọ́ ni ìpìlẹ̀. Bí orí bá ṣáájú ìwà, ìtàn náà ò lè bẹ̀rẹ̀.

Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, gbé e gba ibòmíràn nínú ìwé rẹ̀ ti 1991. Ó béèrè pé ẹni tí kò mọ èyí tó dáa àti èyí tó fọ́ nínú orí tí wọ́n tò síwájú rẹ̀, ṣé a lè sọ pé ó yàn? Ẹ lọ sọ́jà lókùnkùn, ẹ na ọwọ́ sínú agbọ̀n, ẹ mú tòmátì kan. Ó ti jẹrà. Ṣé ẹ̀yin lẹ yàn án?

Èrò tèmi: Àkàrà-oògùn ò dúró kí ìbéèrè yìí tán kó tó gbéra. Ó ké pe Ọlọ́run, ó tún ki ìbọn. Àwọn kan nínú wa ní ìwà òmùgọ̀ nìyẹn, pé kó mú ọ̀kan. Mo ní bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá ń gbé ọmọ lọ ọsibítù.

Kí ló dé tí ẹ máa ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ Kàkó?

Ẹ wá ibi tí Àkàrà-oògùn ti lọ pe Kàkó pé kí wọ́n jọ lọ sí Lángbòdó. Obìnrin kan wà níbẹ̀, ìyàwó Kàkó. Ó rọ̀ mọ́ ọn, ó ní kò gbọdọ̀ lọ, kó má fi òun sílẹ̀. Kàkó pa á. Lẹ́yìn náà ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, ìtàn sì ń bá a lọ.

Nílé ìwé, mo ka ibẹ̀ kọjá bí ẹni ń fo gọ́tà. Àkíkanjú Kàkó ni olùkọ́ wa sọ. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Nígbà tí a kà á lókè ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìyá kan tó máa ń gbọ́ ju kó sọ̀rọ̀ lọ ní ká dúró. Ó béèrè pé, "Ta ló sin ín?"

A wá a nínú ìwé. Ẹ̀yin náà ẹ wá a.

Láti ìgbà yẹn, ibẹ̀ ni a máa ń pẹ́ sí jù. Àwọn kan ní iṣẹ́ ìlú ju ti ilé lọ, pé ẹni tí ọba rán ò lè jẹ́ kí ẹkún aya dá òun dúró, pé jagunjagun tó bá ń wo ẹ̀yìn ò ní dé ojú ogun. Ó dáa. Ṣùgbọ́n láti kúrò lọ́wọ́ obìnrin, ṣé dandan ni kéèyàn pa á? Kàkó tó lágbára ju ẹranko lọ, ṣé kò lè já ọwọ́ obìnrin kan kúrò lára aṣọ rẹ̀? Àwọn mìíràn ní ẹ má fi ojú òní wo nǹkan àtijọ́. Èmi ò gba ìyẹn. Àwọn àgbà wa mọ ìyàtọ̀ akọni àti ọmọlúàbí kí Fágúnwà tó mú gègé. Ẹni tó gbójú, tí kò ní àánú, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó wá burú jù lójú mi ni àwọn tó kù. Wọn ò dá a lẹ́jọ́. Ìmọ̀dòye tó jẹ́ ọlọ́gbọ́n wọn jọ bá a rìn, Àkàrà-oògùn tó ń ròyìn fún wa kò dúró lórí rẹ̀. Ìlú wo ni wọ́n ń wá àlàáfíà fún? Ṣé obìnrin yẹn ò sí lára ìlú? Bí ẹ bá mú ìbéèrè yìí dání wọ igbó, gbogbo iwin tí wọ́n pàdé lẹ́yìn náà á yàtọ̀ lójú yín. Ẹ ó máa wo Àgbákò, ẹ ó máa wo Kàkó, ẹ ó máa bi ara yín pé èwo gan-an ni ẹbọra.

Ẹnìkan nínú wa ṣì ń sọ pé àbùmọ́ ìtàn lásán ni, pé Fágúnwà kàn fẹ́ ká mọ bí Kàkó ṣe le tó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, kí ló dé tó jẹ́ ara obìnrin ló fi wọn líle rẹ̀?

Ìyá Àkàrà-oògùn, ṣé ènìyàn ni tàbí ẹranko?

Bí ìtàn ṣe sọ ọ́: àjẹ́ ni ìyá rẹ̀, ó sì ti ṣe ọṣẹ́ nínú ilé. Lóru ọjọ́ kan, bàbá yìnbọn fún àgbọ̀nrín kan. Ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ lọ, ipa ẹ̀jẹ̀ náà sì mú un dé ilé ara rẹ̀. Aya rẹ̀ ló bá níbẹ̀, apá kan ènìyàn, apá kan àgbọ̀nrín.

Ìbéèrè méjì la máa ń yọ níbẹ̀. Àkọ́kọ́: bí ara bá yí padà, ṣé ẹni náà ṣì ni? Lédè wa, ara nìkan kọ́ ló ń jẹ́ ènìyàn. Ẹ̀mí wà, orí wà, ọkàn wà. Obìnrin tó gbé awọ ẹranko wọ̀, tó tún bọ́ ọ kúrò, pọ̀ nínú ìtàn ọdẹ wa, Ọya pàápàá ti gbé awọ ẹfọ̀n wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé obìnrin méjì ni. Nígbà náà bàbá pa aya rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín lojú rẹ̀ rí. Ṣé ohun tí a rí la ó fi ṣèdájọ́ ẹni, tàbí ohun tó wà níbẹ̀?

Èkejì ló gbà wá lákòókò jù. Ta ló sọ pé àjẹ́ ni? Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ mọ̀ àti gbàgbọ́. Obìnrin náà ò rojọ́ tirẹ̀. Ẹnu ọkọ la ti gbọ́, ọmọ gbà á gbọ́, ó sọ fún akọ̀wé, akọ̀wé sọ fún wa. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀sùn yìí lé obìnrin arúgbó jáde nílé títí dòní, mi ò lè ka ojú ewé yẹn kí n má ro ó. Àwọn oníṣègùn tí Hallen àti Ṣódípọ̀ bá sọ̀rọ̀ ò tilẹ̀ fi gbogbo àjẹ́ sọ́dọ̀ obìnrin, wọn ò sì ní ibi nìkan ni agbára náà wà fún.

Kí ni Àgbákò dúró fún?

Ẹlẹ́yinjú mẹ́rìndínlógún tó dé fìlà irin, ọ̀tá àkọ́kọ́ tí ọmọdé kì í gbàgbé. Ẹ kàn gbọ́ orúkọ rẹ̀: a máa ń sọ pé ẹnìkan kó àgbákò. Fágúnwà mú ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa, ó fún un lójú àti ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè pé kí ló dé tí aburú ń bá ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ibẹ̀ ni kó dúró sí. Èmi ò ní púpọ̀ sọ lórí rẹ̀. Wọ́n pàdé, wọ́n jà.

Irúnmalẹ̀, iwin, ẹbọra, ṣé èṣù ni gbogbo wọn?

Rárá, ìbéèrè yìí sì ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó gbọ́n ju wa lọ. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká yí ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó ní láti wá orúkọ fún àwọn ẹ̀dá yìí. Kò lo "demon", orúkọ tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ń pe ẹ̀mí burúkú, ó yan "daemon", èyí tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń lò, ó sì ṣàlàyé pé lẹ́tà tó fi kọ ọ́ ṣe pàtàkì, kí òǹkàwé má bàa rò pé ẹ̀mí èṣù lòún ń sọ. Òun kan náà ló tún hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tuntun fún àwọn iwin mìíràn, nítorí kò rí èyí tó bá a mu.

Nínú igbó ọ̀hún, Ìrànlọ́wọ́ wà, obìnrin tó ṣàánú Àkàrà-oògùn. Ẹ ò lè ju òun àti Àgbákò sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ayé inú ìwé yìí ò pín sí funfun àti dúdú. Ẹnìkọ̀ọ̀kan la ó máa fi ìwà rẹ̀ mọ̀.

Pásítọ̀ mi (tàbí Ààfáà mi) ní kí n má ka ìwé iwin. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ sọ fún wọn pé ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ oníwàásù Áńgílíkà) ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Fágúnwà fúnra rẹ̀ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tọkàntọkàn, débi tó fi pa orúkọ Oròwọlé tì, tó mú Ọlọ́runfẹ́mi. Bó bá jẹ́ pé ìwàásù ni wọ́n ń wá, ìwàásù ń bẹ níbẹ̀ tí yóò yó wọn.

Ẹ̀kọ́ Ìrágbèje ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni fìlọ́sọ́fì gan-an wà?

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló rò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú ìbéèrè ìdánwò: kí ni Ìrágbèje sọ nípa ọmọ títọ́, kọ kókó mẹ́rin.

Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ní ilé Ìrágbèje, ìdáhùn ti ṣáájú ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, Yorùbá ibẹ̀ ki bí àmàlà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ká bá òun jiyàn. Lọ́nà igbó ni Fágúnwà ti ju ọwọ́ sílẹ̀, tó jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò ṣàlàyé. Ikú ìyàwó Kàkó, ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín, bàbá tó pòórá: kò wàásù lórí wọn tó bó ṣe wàásù lórí ọmọ títọ́. Ibi tí ẹnu rẹ̀ ti pa mọ́ ni àwa ti ń yanu.

Àwọn ẹgbẹ́ mi méjì ní mo ń ṣe àbòsí, pé bí àgbà ṣe ń kọ́ni nílẹ̀ wa nìyẹn, pé ẹ̀kọ́ tí kò fàyè gba iyàn náà ẹ̀kọ́ ni. Ó kéré tán, a gbà pé ó dùn láti rí àwọn tó fi ìjà dé ibẹ̀ tí wọ́n jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ fún odidi ọjọ́ 7.

Àkọtọ́ ìwé tí mo rí ṣòro fún mi. Ṣé àṣìṣe ni?

Ẹ̀dà àtijọ́ lẹ ní lọ́wọ́. Kí wọ́n tó tún àkọtọ́ Yorùbá ṣe ní 1974, "aiye" ni wọ́n ń kọ, "enia", "on". Ẹ kà á sókè, ẹ ó gbọ́ ohun tó jẹ́. Fágúnwà kọ fún ẹnu ju ojú lọ. Bí gbólóhùn kan bá gùn tó ìlà mẹ́jọ, ẹ má dúró, èémí á bá yín wá a.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bá wa kà á?

Ìjà àti iwin, ọmọ ọdún mẹ́jọ á gbádùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kàkó, ẹ jẹ́ kó tó ọdún mẹ́tàlá. Àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kà á, ìyá àgbà wọn lè kà á sórí fóònù, kó fi ránṣẹ́. Ìyá kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wa, ó sì máa ń dúró níbi tí iwin bá ti yọ, kí wọ́n lè pè é padà.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ lọ wá ní Lángbòdó?

Àlàáfíà fún ìlú. Ọba ò ní kí wọ́n lọ wá wúrà. Ìdí nìyí tí Wálé Ògúnyẹmí fi rí eré orí ìtàgé yọ nínú rẹ̀, eré Lángbòdó tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977, nígbà tí owó epo ń wọlé tí gbogbo ènìyàn sì ń béèrè ibi tí ìlú ń lọ. Ṣé a lè lọ gbé àlàáfíà wá láti ìlú ẹlòmíràn, bí ẹni lọ ra ẹ̀rọ? Ohun tí wọ́n fi ọjọ́ 7 gbà ní Lángbòdó, ọ̀rọ̀ ni. Àwọn kan kú nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Bí Àkàrà-oògùn bá wà láàyè, ohun tí mo máa bi í nìyí ṣáájú ohun gbogbo: ṣé kò sí arúgbó kan nílé tó lè sọ ọ́ fún yín?

Báwo la ṣe lè bẹ̀rẹ̀ tiwa, báwo ló sì ṣe máa pẹ́ tó?

Ènìyàn márùn-ún tó. Ìwé kan ṣoṣo pàápàá tó bí owó bá há. Kẹ́nìkan kà, kí àwọn yòókù gbọ́, kí ẹ dúró nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní "ẹ dúró." Ẹ má fi olùkọ́ ṣe olórí, ó máa fẹ́ ṣàlàyé. Ẹ wá nǹkan jíjẹ, nítorí ebi máa ń pa ẹni tó bá ń jiyàn.

Àwa rò pé oṣù méjì la ó fi parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kàkó nìkan gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì ti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì látìgbà náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá tó béèrè ẹni tó sin ín tún ní òun ní nǹkan sọ, ṣùgbọ́n iná lọ, a ní kó di Ọjọ́bọ̀.